Nígbà Tí Ìwé Òfin Eré Bá Di Ọ̀tun: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Àwọn tí ń ṣe kòkáárí ìwé yìí bẹ̀ mí pé kí n kọ ohun tí òbí yóò lè mú lò, mo sì mọ̀ pé bí ènìyàn bá rí orúkọ àlùfáà lókè àpilẹ̀kọ, ìwàásù ni yóò máa retí. Mo ti wàásù púpọ̀ ní ayé mi. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ sọ, àti owó tí a fi ń ra ìwé, nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Maryland tàbí Houston kì í yé bi mí. Ìbéèrè náà rí báyìí: "Àlùfáà, a ti ra ìwé eré kan fún ọmọ yìí, ìwé ńlá, ìwé olówó gọbọi. Kí ló dé tí ó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà?"

Eré tí wọ́n ń wí ni a lè pè ní eré ìtàn orí tábìlì. Ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ni ó mọ ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń ṣàpèjúwe igbó, odi àti ihò tí wọ́n bá wọ̀, òun náà ni ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba, olè, àti ẹranko abàmì tí wọ́n bá pàdé. Olúkúlùkù nínú àwọn yòókù yóò di ènìyàn kan nínú ìtàn náà: ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan oníṣègùn, ọ̀kan ọdẹ. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé D. O. Fágúnwà mọ irú ayé tí mò ń sọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé níhìn-ín, ẹni tí ń gbọ́ ìtàn ni yóò pinnu ohun tí ọdẹ yóò ṣe nígbà tí ó bá fojú kan iwin. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ bóyá yóò bọ́ sí i tàbí kò ní í bọ́ sí i, wọn yóò ju dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, àfi pé tiwọn a máa ní ojú mẹ́rin, ojú mẹ́jọ, títí dé ogún. Ìwé òfin ni ó ń sọ iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ mú wá kí idà tó ba ọ̀tá, àti iye ọgbẹ́ tí ènìyàn lè gbà kí ó tó ṣubú. Láìsí ìwé òfin, àlọ́ lásán ni. Bí ìwé òfin bá wà, ó di eré tí àwọn ọ̀rẹ́ lè jọ ṣe fún ọdún márùn-ún láìjà. (Mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn sí i pẹ̀lú ìrètí.)

Àwọn òbí kan yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá eré yìí kì í ṣe ti òkùnkùn. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni kan gbógun tì í gidigidi, débi pé nígbà tí ìtẹ̀jáde kejì eré tí ó lókìkí jù nínú wọn jáde ní 1989, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín yọ orúkọ àwọn ẹ̀mí èṣù kúrò nínú ìwé. Ìtẹ̀jáde ọdún 2000 sì dá wọn padà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí òbí jókòó tì wọ́n ní alẹ́ kan kí ó gbọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ, nítorí ìtàn tábìlì kan kì í ṣe ìtàn tábìlì kejì. N kò ní í lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti òkùnkùn ti ní àwọn tí ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni ẹnikẹ́ni kì í jókòó ṣàlàyé fún òbí.

Eré tí ó lókìkí jù yẹn ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n ṣe é, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ TSR ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ni, $10 ni wọ́n ń tà á, ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Láàárín 1977 sí 1979, ìwé ńlá mẹ́ta mìíràn jáde: ìwé àwọn ẹranko abàmì ni ó ṣáájú, ìwé àwọn òṣèré tẹ̀ lé e ní 1978, ìwé olùdarí sì dé ní 1979. Ẹni tí ó bá ra ti àkọ́kọ́ fi nǹkan bí ọdún méjì dúró de èyí tí ó kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ìwé mẹ́ta ti di àṣà. Ìtẹ̀jáde kejì dé ní 1989. Ní 1997, nígbà tí gbèsè ti mu TSR dé ọrùn, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast rà á. Ní 1999, Hasbro tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ra Wizards fúnra rẹ̀. Ìtẹ̀jáde kẹta jáde ní 2000, àtúnṣe rẹ̀ ní 2003, ẹ̀kẹrin ní 2008, ẹ̀karùn-ún ní 2014, àtúnṣe ẹ̀karùn-ún sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2024.

Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta ìwé àwọn òṣèré, èyí tí gbogbo ẹni tó jókòó sí tábìlì lè fẹ́ ní. Ní 2000, $19.95 ni. Ní 2003, $29.95. Ní 2008, $34.95. Ní 2014, $49.95. Ní 2024, $49.99. Bí a bá kà á sókè báyìí, a óò ní owó ìwé ti fò sókè. Ṣùgbọ́n dọ́là pẹ̀lú ti ń pàdánù agbára rẹ̀: $10 ti ọdún 1974 kò dín ní $60 lónìí, ìwé $49.95 ti ọdún 2014 ìbá sì ti tó nǹkan bí $65 ní 2024 bí ó bá ń bá ọjà rìn. Nítorí náà n kò sí lára àwọn tí ń pariwo pé ìwé kan ṣoṣo ti wọ́n jù. Ìwé olójú-ìwé 384, tí àwòrán aláràbarà kún inú rẹ̀, tí òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti olóòtú ti làágùn lé lórí, kò burú ní iye yẹn. Ibòmíràn ni ó ti ń dun ènìyàn: pé ìwé tí kò tíì ya, tí kò tíì gbó, di ìwé àná ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Àwa tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní àwọn ọdún 1970 mọ bí ìwé ṣe ń di ogún. Ìwé ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n lò ni àbúrò ń gbà; orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa wà ní ojú-ìwé àkọ́kọ́, tí a ti fa ìlà gba orí èyí tó ti kúrò, ìdáhùn tí ẹ̀gbọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sí ẹ̀gbẹ́ a sì máa ran àbúrò lọ́wọ́ tàbí kí ó kó bá a. Lóde òní, òbí mélòó ni kò tíì gba ìwé láti ilé-ẹ̀kọ́ pé ìtẹ̀jáde tuntun nìkan ni àwọn yóò gbà, tí ó sì jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orí kẹta ti di orí kẹrin? Àwọn ẹgbẹ́ eré yìí mọ irú ìnira bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ipá mú ọmọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ipá mú ẹgbẹ́ eré. Àwọn mẹ́fà tí ó bá ń fi ìwé 1978 ṣeré ní alẹ́ òní, kò sí olùkọ́ tí yóò dá wọn padà sílé, kò sí ìdánwò tí wọn yóò fìdí rẹmi níbẹ̀. Ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Kí ló wá ń mú wọn ra tuntun? Ìwé òfin dà bí èdè tí àwọn tó jókòó jọ ń sọ. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, tí ẹni tuntun sì wọlé, ìwé tó wà lórí àtẹ ní ilé-ìtajà ni ẹni tuntun náà yóò mú wá, ti ọdún yìí ni ó sì máa ń wà lórí àtẹ. Bí ọmọ bá lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré ní ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n ń lò ni yóò fẹ́ lò. Díẹ̀díẹ̀, láìsí òfin kankan, èdè àtijọ́ a di èdè àwọn àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́fà: olùdarí kan, òṣèré márùn-ún. Ìwé àwọn òṣèré ti ìtẹ̀jáde tó kẹ́yìn jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ìwé olùdarí ní oṣù Kọkànlá, ìwé ẹranko abàmì ní oṣù Kejì 2025, $49.99 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùdarí yóò fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: $149.97. Bí òṣèré kọ̀ọ̀kan bá ra ìwé tirẹ̀, $249.95 ni ti àwọn márààrún. Gbogbo rẹ̀ di $399.92 kí ẹnikẹ́ni tó ju dáìsì ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé mẹ́ta péré ni wọ́n dá owó jọ rà, tí wọ́n gbé e sí àárín tábìlì, kò kọjá $25 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ni ó ń pinnu èyí tí ẹgbẹ́ yóò ṣe nínú méjèèjì.

Ìwé mẹ́ta yẹn sì jẹ́ ẹnu-ọ̀nà lásán. Ẹgbẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014 lè ti ní Curse of Strahd ti ọdún 2016, Xanathar's Guide to Everything ti 2017, Tasha's Cauldron of Everything ti 2020, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, tí iye owó ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sí $50. Ẹni tó ra mẹ́wàá ti ná nǹkan bí $500. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn ìwé wọ̀nyí lè bá òfin 2024 ṣiṣẹ́ pọ̀, òótọ́ sì ni fún àwọn ìwé ìtàn. Àmọ́ apá kan nínú ohun tó wà nínú ìwé 2017 àti ti 2020 ni wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n sì kó sínú ìwé àwọn òṣèré tuntun, tí ẹni tó ti sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò fi tún san án lẹ́ẹ̀kejì.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí àwọn tó ń tẹ̀wé. Bàtà a máa gbó, bọ́ọ̀lù a máa bẹ́, ìwé òfin tí a dì dáadáa a máa lo ogójì ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ta ìwé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ kò ní oníbàárà mọ́. Ó lè tẹ ìwé ìtàn sí i, ṣùgbọ́n olùdarí nìkan ni ó ń rà á. Kò tilẹ̀ yẹ kí àwọn òṣèré márùn-ún kà á, kí wọ́n má baà mọ ibi tí ìtàn ń lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí ó ṣeé tà fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ìwé àwọn òṣèré, ọ̀nà tí ó sì rọrùn jù láti tún un tà fún wọn ni kí a yí òfin padà. Èyí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi ìbínú sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ ọ́ ní láti jẹun. Àtúnṣe gidi pẹ̀lú sì máa ń wà níbẹ̀. Nínú àwọn ìtẹ̀jáde àtijọ́, bí nọ́ńbà ìhámọ́ra jagunjagun bá ti kéré tó ni ìhámọ́ra náà ti dára tó. Ọmọ tuntun a máa rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtẹ̀jáde 2000 yí i padà, tí ó fi di pé nọ́ńbà tó ga ni ó dára. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń ṣàárò ti àtijọ́ bí àwọn ọmọ ìjọ kan ṣe ń ṣàárò ohùn orin tí a ti pa tì, ṣùgbọ́n àtúnṣe ni.

Ìyípadà kan kò sì ní láti jó ilé àtijọ́. Call of Cthulhu, eré ilé-iṣẹ́ Chaosium tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1981, dé ìtẹ̀jáde keje ní 2014, síbẹ̀ ẹni tó bá ní ìwé ìtàn rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980 lè lò ó lónìí pẹ̀lú ìṣirò díẹ̀. Ti Dungeons & Dragons ní 2008 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀jáde kẹrin yàtọ̀ gédégbé sí ẹ̀kẹta, tí ìwé ìtàn àtijọ́ kò fi ṣeé gbé wọ inú rẹ̀ láìtún un kọ, àwọn tábìlì sì pín sí méjì. Wizards ti fún àwọn ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ ní 2000 pé wọ́n lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú òfin ìtẹ̀jáde kẹta. Ilé-iṣẹ́ Paizo lo àṣẹ yìí. Ó mú òfin 2003, ó tún un ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009 pẹ̀lú orúkọ Pathfinder: ìwé kan ṣoṣo olójú-ìwé 576, $49.99. Àwọn tí kò fẹ́ kó ìwé inú ilé wọn dànù rí ibi sá sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ní 2019, Pathfinder náà ṣe ìtẹ̀jáde kejì, ó sì tún ṣe àtúnṣe sí i ní 2023.

Owó tí a ń rí ni mo ti ń kà láti òkè wá. Owó tí a kì í rí wà lọ́rùn olùdarí. Ẹni yìí ti kọ ìtàn rẹ̀ fún ọdún méjì, ó ti há òfin sórí débi pé kì í ṣí ìwé mọ́ nígbà tí ogun bá dé. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ní kí wọ́n lọ sí ìtẹ̀jáde tuntun, òun ni yóò tún ka ojú-ìwé tó ju 1,000 lọ nínú ìwé mẹ́ta, òun ni yóò tún ṣírò gbogbo ẹranko tó ti kọ sílẹ̀, òun náà ni wọn yóò sì máa bi léèrè fún oṣù mẹ́fà pé, "Ṣé ti àtijọ́ nìyẹn ni àbí ti tuntun?" Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni olùdarí sábà máa ń jẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ìdánwò sì ń bẹ níwájú rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun kò lọ, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹni tí ìyípadà ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù ni ọmọ tí kò lówó. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn ní òkè òkun, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣeré yìí ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ìtẹ̀jáde karùn-ún dé, wọ́n jọ pinnu pé àwọn yóò lọ sí i, olúkúlùkù yóò sì mú ìwé tirẹ̀ wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kò wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olùdarí wọn ni ó fura. Ó gbé ìwé tirẹ̀ lọ sí ilé wọn, ó ní òun kò lò ó láàárín ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dá àṣà kan sílẹ̀ láàárín ara wọn láìbéèrè lọ́wọ́ àwa àgbà: inú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀ngàn ni gbogbo ìwé òfin ń gbé, ẹni tó ra ìwé kì í gbé e lọ sílé, ẹni tí kò rà kì í sì ṣàlàyé. Ọmọ náà padà wá.

Ẹ kíyè sára pẹ̀lú nípa ìwé tí a ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ka òfin Dungeons & Dragons ni D&D Beyond, tí Hasbro rà ní 2022 ní $146.3 mílíọ̀nù. Ẹni tó ra ìwé bébà kò tíì ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tọ̀ ni owó rẹ̀, $29.99 fún ìwé àwọn òṣèré 2024. Ní oṣù Kẹjọ 2024, wọ́n kéde pé àwọn òfin tuntun yóò rọ́pò apá kan nínú ti 2014 lórí àkọsílẹ̀ àwọn òṣèré, ìyẹn nínú ohun tí àwọn ènìyàn ti sanwó rẹ̀ tí wọ́n sì ń lò lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà fárígá, ilé-iṣẹ́ náà sì yí ìpinnu rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa láti yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò sí ẹni tó lè wọ inú yàrá ọmọ yín lóru kó wá yí ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé bébà rẹ̀ padà.

Fún ẹni tó ń gbé nílé, náírà ti sọ ìṣirò yìí di nǹkan mìíràn. Ní 2014, dọ́là kan ń lọ sí nǹkan bí ₦160, ìwé $49.95 jẹ́ bí ₦8,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦18,000. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, dọ́là kan ti tó nǹkan bí ₦1,600, ìwé $49.99 di bí ₦80,000, láìka owó ọkọ̀ àti owó orí ẹrù mọ́ ọn. Owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún náà jẹ́ ₦70,000. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìwé tí owó rẹ̀ fi sẹ́ǹtì mẹ́rin péré lé sí i ní Amẹ́ríkà ti kúrò ní ohun tí kò tó ìdajì owó oṣù kan, ó ti ju owó oṣù kan lọ. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe eré yìí ní Ìbàdàn tàbí Oṣogbo kò lè máa sá tẹ̀ lé ìtẹ̀jáde tuntun, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó sá tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà wà tí kò la olè jíjà lọ. N kò fọwọ́ sí i pé kí a da odindi ìwé kọ sí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, nítorí òǹkọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú ní ìdílé. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà lórí ìwé ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi ṣàlàyé eré, kì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbà ṣe eré náà. Ọmọ tó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ òfin tó kàn án sí ojú-ìwé méjì nínú ìwé àjákọ kò jí ohun ẹnikẹ́ni, mo sì ti rí i pé ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mọ òfin ju ẹni tó ra ìwé lọ. Ìwé òfin ọ̀fẹ́ wà pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, Wizards fẹ́ yí ìwé àṣẹ ọdún 2000 yẹn padà. Ariwo sọ lọ́tùn-ún lósì, nígbà tó sì di ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, wọ́n gbé ìpìlẹ̀ òfin ìtẹ̀jáde karùn-ún sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tí a kò lè gbà padà mọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹgbẹ́ kan láti fi ṣeré fún ọdún. Òfin Pathfinder wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Archives of Nethys, láìsí ẹ̀tàn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ náà. Basic Fantasy, tí àwọn olùfẹ́ ìtẹ̀jáde àtijọ́ ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́ látòkè délẹ̀. Àwọn ilé ìkàwé ìlú púpọ̀ ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà sì máa ń yá ènìyàn ní ìwé eré wọ̀nyí. Káàdì ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe owó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ wà lókè òkun, bí ọmọ yín bá ti lọ sí ti 2024, tí ìwé mẹ́ta ti 2014 sì ń gba eruku lábẹ́ ibùsùn, àbúrò kan lè wà nílé tí yóò fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òfin inú wọn pé pérépéré, ohun gbogbo tí ẹgbẹ́ mẹ́fà nílò wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó wà ní ojú-ìwé àkọ́kọ́.

Ẹni tó sì fẹ́ ra ìwé yìí fún ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, kí ó mọ̀ pé ìwé àwọn òṣèré ti 2014 àti ti 2024 ń jẹ́ orúkọ kan náà, Player's Handbook, àti pé àwọn tí ń ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi gbogbo ìgbà kọ ọdún rẹ̀ síta. Ẹ bi ọmọ náà léèrè èyí tí olùdarí wọn ń lò, kì í ṣe èyí tí òun fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ojú-ìwé tí wọ́n tẹ ọdún ìtẹ̀jáde sí hàn yín kí ẹ tó sanwó.